Gbìgbì Aago Mẹ́wàá

Ọdún mọ́kànlélógún ni obìnrin yìí fi ń fi ìmọ́lẹ̀ mú ohun tójú ò rí. Iṣẹ́ bayofísíìsì ló ń ṣe: á mú ẹyọ pùrótéènì kan ṣoṣo, á fi iná lésà há a mọ́ inú omi, á sì máa fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tú òwú, kó lè mọ bí agbára tó fi wé mọ́ra ṣe tó. Bó o bá bi í pé kí ni ìyẹn wà fún, á fi wákàtí méjì dá ẹ lóhùn, wàá sì kábàámọ̀ pé o la ẹnu. Ìgbà tí owó ìwádìí gbẹ, tí wọ́n sì sọ yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí, yunifásítì kan ní kó wá máa ṣàkóso gbogbo yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì àwọn. Bó ṣe dẹni tó ń bójú tó láàbù mẹ́tàdínlógójì nìyẹn, nínú ilé alájà mẹ́rin, pẹ̀lú ìdì kọ́kọ́rọ́ tó wúwo bí ọmọ oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́.

Orúkọ ọ̀hún ò dùn ún. Ohun tó dùn ún ni ojú táwọn tí wọ́n jọ ṣèwádìí láyé ọjọ́un fi ń wò ó, irú ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tí ọkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ gbá a lọ́wọ́ mú níbi ìpàdé kan, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run ò ní í fi yín sílẹ̀."

"Mi ò kú," ló fi dá a lóhùn. "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni mo ń bójú tó."

Òótọ́ ló sì sọ. Nínú ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fún un, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ṣáájú, iná lésà ló gbẹ̀yìn.

Díìnì, ìyẹn olórí gbogbo ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, ló gbà á síṣẹ́. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, tí ikùn ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wọlé kí àwọn èèyàn kí òun fúnra ẹ̀ tó dé. Bó bá ń sọ̀rọ̀, á dà bíi pé wọ́n ń gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí. Lọ́jọ́ tó fún obìnrin náà ní lẹ́tà iṣẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: "Madam, ẹ ti gbé ìwádìí jù sílẹ̀ báyìí. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín ò pọ̀. Kí iná máa tàn, kí omi máa yọ, kí ẹnikẹ́ni má sì jóná."

Igbákejì Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni Bàbá Sípánà, tó ti ń tún ẹ̀rọ láàbù ṣe níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò sí ẹ̀rọ tí bàbá yìí ò lè tú. Díẹ̀ sì wà nínú wọn tó lè tò padà.

Oṣù karùn-ún tí Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ débẹ̀ ni olùkọ́ kékeré láàbù kejìlá wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí awò ojú ẹ̀ fẹ̀ ju ojú gan-an lọ. Iṣẹ́ tí Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ fi ọdún mọ́kànlélógún ṣe náà lòun ń ṣe: iná lésà, omi, ẹyọ pùrótéènì kan ṣoṣo. Nígbà mìíràn Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ máa ń dúró lẹ́yìn gíláàsì ilẹ̀kùn láàbù náà, á máa ṣe bíi pé kọ́kọ́rọ́ lòun ń wá.

Olùkọ́ náà jókòó, ó sì bú sẹ́kún.

"Mà, ẹ̀rọ mi ti ya wèrè."

"Rọra sọ ọ́. Ìgbà wo ló máa ń ya wèrè?"

"Aago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago mẹ́ta ọ̀sán. Lójoojúmọ́, mà. Màá ti mú nǹkan dání, màá ti máa fà á, ló bá di gbìgbì-gbìgbì, ohun tí mo mú á já bọ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Wọ́n ní ọwọ́ mi ni ò dáa."

"Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀?"

Ó fa lẹ́tà kan yọ. Díìnì ló kọ ọ́. Ó ní ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, láti pinnu bóyá kó máa bá iṣẹ́ lọ tàbí kó palẹ̀ ẹrù mọ́, òun Díìnì ló sì máa ṣe alága. Ó ní àwọn àbájáde rẹ̀ "kò fi ìfarabalẹ̀ hàn." Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Òun náà ti gba irú lẹ́tà yẹn rí.

"Nu ojú ẹ, àbúrò mi," ló wí. "Ọwọ́ tí ò dáa kì í mọ aago."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀daràn. Lífítì ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n tì í pa lódindi ọjọ́ kan. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọn ò fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn láti ìgbà tí wọ́n ti dọ̀jọ̀gbọ́n gùn ún lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n sì ń ṣépè ní èdè mẹ́ta. Aago mẹ́wàá lù, gbìgbì dé. Wọ́n tún pa ẹ̀rọ amúlétutù, gbogbo ilé gbóná bí ààrò. Gbìgbì dé. Wọ́n pa pọ́ǹpù omi. Gbìgbì dé, ọ̀rọ̀ sì tún balẹ̀ sórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́rìndínlógún.

"Ọ̀gá," ni Bàbá Sípánà wí, "bóyá ilé yìí ló kàn ń darúgbó. Bí orúnkún tèmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Ṣé aago mẹ́wàá lorúnkún yín máa ń bẹ̀rẹ̀?"

Bàbá ronú sí i. "Rárá o. Tèmi ò lásìkò."

Ni Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ bá gbé ẹ̀rọ kékeré kan sílẹ̀ láàbù náà, ọ̀kan tó ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mì, tó sì ń fà á sórí bébà ní ìlà. Ó ka ìlà ọ̀hún. Bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ń dún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó fi díẹ̀ dín. Ó gbé bébà náà lọ sílé, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì oúnjẹ, ó dọ̀bálẹ̀ lé e bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ọkọ ẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ ọkọ ẹ̀ ni kó máa kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà, nítorí náà kò sí ohun tó tún lè bà á lẹ́rù láyé yìí.

Ó wo bébà náà láti ẹ̀yìn ìyàwó ẹ̀. "Kí ló rẹ̀ ẹ́ tó báyẹn?"

"Kí ló rẹ kí ni?"

"Nǹkan tẹ́ ẹ yà sílẹ̀ yìí. Wò ó níbí, ara ẹ̀ le, ó ń lọ ganganran. Níbí, ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀. Níbí, ó dúró. Bóyá ó ń mumi. Ó tún gbìyànjú díẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ bá tán."

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ dìde dúró. Kì í rẹ pọ́ǹpù. Lífítì kì í dúró mumi. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ń ka irú ìlà báyìí, ọkọ tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń yí mọ́tò padà ló wá bá a kà á!

"Ẹsẹ̀ ni," ló wí. "Ẹsẹ̀ èèyàn. Ẹnì kan ló ń sáré. Ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan."

"Irú wọn pọ̀ lọ́dọ̀ mi," lọkọ ẹ̀ fèsì, ó sì lọ wẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọ ọ́ fún Bàbá Sípánà. Bàbá gbé ojú sókè wo àjà. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ náà gbé ojú sókè. Ọ́fíìsì Díìnì ló wà lókè láàbù kejìlá gẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó ronú kàn án tẹ́lẹ̀, torí ta ló máa gbà pé nǹkan kan ń mì níbẹ̀? Ibi tí fáìlì ti lè sùn fún ọdún mẹ́ta láìyí ìhà padà ni.

"Ẹ gbọ́ ná," ni Bàbá Sípánà wí, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. "Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọkùnrin mẹ́rin gbé páálí kan gòkè lọ síbẹ̀. Wọ́n ní kọ́bọ́ọ̀dù ni. Mo ní, irú kọ́bọ́ọ̀dù wo ló ní wáyà?"

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjì, Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ti wà níwájú akọ̀wé Díìnì. Obìnrin àgbàlagbà ni akọ̀wé yìí, ó wọ búláòsì funfun tó le gbagidi bí páálí.

"Díìnì wà nípàdé," akọ̀wé wí, kò wo ojú ẹ̀.

"Pẹ̀lú ta ni?"

"Pẹ̀lú... ìgbìmọ̀."

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, gbìgbì bẹ̀rẹ̀. Ife tíì tó wà lórí tábìlì akọ̀wé ń gbọ̀n jìnnìjìnnì. Àwọn méjèèjì wo ife náà.

"Ìgbìmọ̀ yẹn mà lẹ́sẹ̀ o," ni Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ wí.

Akọ̀wé gbá ẹnu ara ẹ̀ mú. Nígbà tó tú u sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tú dà bí omi. "Mà, oṣù mẹ́ta ni mo ti ń purọ́. Mo ti ní ó ń bá ìgbìmọ̀ ṣèpàdé, ó ń bá àlejò ṣèpàdé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní ó ń bá ara ẹ̀ ṣèpàdé. Irọ́ ti tán lẹ́nu mi."

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ dúró títí Díìnì fi jáde. Ó wọ kóòtù, ó so táì, ṣùgbọ́n etí ẹ̀ méjèèjì pọ́n, òógùn sì ń ṣàn wọ ọrùn ẹ̀. Obìnrin náà ò fẹ́ dójú ọ̀gá ẹ̀ tì. Ó rọra ṣàlàyé fún un pé ìró ẹsẹ̀ kan ń da iṣẹ́ láàbù kejìlá rú, ó sì jọ pé òkè ló ti ń wá, bóyá Díìnì lè bá wọn wò ó. Ọ̀nà tó fi sílẹ̀ fún ọkùnrin náà láti gbà sá jáde fẹ̀ tó ọ̀nà mọ́tò.

Kò gbà á. "Ìpàdé ni mo ń ṣe ní aago mẹ́wàá," ló wí. "Ẹ sọ fún ọmọ yẹn kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dọwọ́ lé ẹ̀rọ. Ẹ̀yin náà, Madam, ẹ rántí ohun tí mo gbà yín fún. Iná, omi."

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sí ọ́fíìsì ẹ̀. Kì í ṣe irọ́ tí ọkùnrin náà pa ló dùn ún. Ọ̀rọ̀ "iná, omi" yẹn ni. Nígbà tó yá, ó fa ìwé kan sún mọ́ra, ó kọ sórí ẹ̀ bó ṣe máa ń kọ ọ́ láyé ọjọ́un: kí la mọ̀, kí la ò mọ̀, báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Díìnì rìnrìn àjò ọjọ́ méjì. Akọ̀wé fúnra ẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn fún Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ àti Bàbá Sípánà, inú ẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ẹ̀rọ ìsáré náà nìyí lẹ́yìn aṣọ fèrèsé, dúdú, ó ń dán, irú èyí tí ilẹ̀ ẹ̀ máa ń yí sẹ́yìn tí èèyàn á sì máa sáré síwájú. Wọ́n fi Bàbá Sípánà sórí òṣùwọ̀n: kílò méjìdínláàádọ́rin. Ó gun ẹ̀rọ, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú gírígírí, ó ń sáré kìtìkìtì pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Nísàlẹ̀, olùkọ́ kékeré ń ka ìlà. Lẹ́yìn náà, wọ́n di àpò iyọ̀ kílò márùndínlọ́gbọ̀n láti ilé ìkó-kẹ́míkà mọ́ bàbá lẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ, wọ́n ní kó tún sáré.

"Ọ̀gá," bàbá ń mí fìn-ìn, "ṣé sáyẹ́ǹsì lèyí àbí ìyà?"

"Sáyẹ́ǹsì ni. Ẹ sáré díẹ̀ sí i."

Akọ̀wé tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ tẹ bọ́tìnnì kan tí kò mọ̀. Ẹ̀rọ bá ki eré mọ́lẹ̀. Ó gbé bàbá àti àpò iyọ̀ sẹ́yìn wìì, bàbá sì gúnlẹ̀ sórí àga aláwọ Díìnì. Bàbá jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wo ọ́fíìsì náà yíká.

"Àga yìí mà dáa o," ló wí.

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ti rí ohun tó fẹ́. Ó mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mì fún kílò méjìdínláàádọ́rin, ó mọ bó ṣe ń mì fún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ìyókù di ìṣirò.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́rin jókòó yí tábìlì ká, Díìnì wà lórí àga alága. Olùkọ́ kékeré jókòó sí ìkángun, ó ń fọwọ́ lọ́ etí aṣọ ẹ̀. Wọ́n pe alákòóso láàbù wọlé kó wá jẹ́rìí bóyá yàrá náà wà bó ṣe yẹ.

"Kò wà bó ṣe yẹ," ló wí. Ó tẹ́ bébà gígùn kan sórí tábìlì. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ìlà tó tẹ́jú yìí ni aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ọwọ́ ọmọ yìí dáa. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mọ́kànlélógún, mi ò rí ìlà tó mọ́ báyìí rí. Èyí ni aago mẹ́wàá."

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n na ọrùn.

"Kí ni ìyẹn?" ni obìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n kan bi í. Ìyá arúgbó ni, ó ń fi bísíkíìtì bọ tíì.

"Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, mà. Òkè ló wà. Ó ń sáré lójú kan. Ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ ń balẹ̀ ju tọ̀tún lọ, bóyá orúnkún ń dùn ún. Kì í ju ìṣẹ́jú méjìdínlógún lọ tí á fi rẹ̀ ẹ́."

Díìnì wúkọ́. "Madam, kò pọn dandan ká..."

"A tún ti wọ̀n ọ́n," obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn ẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún ni."

"Irọ́ ni!" Díìnì lu tábìlì, ó na ìka sókè. "Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni! Àárọ̀ yìí ni mo gun òṣùwọ̀n!"

Bísíkíìtì ìyá ọ̀jọ̀gbọ́n já bọ́ sínú tíì, ó rì, ẹnikẹ́ni ò sì yọ ọ́. Díìnì ṣì na ìka ìfábẹ̀là sókè. Ó wo ìka náà bíi pé ti ẹlòmíì ni, ó sì rọra ká a padà.

Ìyá ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo dábàá pé kí ọmọbìnrin yìí máa bá iṣẹ́ lọ," ló wí, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. "Mo sì kí alága. Kílò mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, ó gbìyànjú."

Gbogbo wọn fọwọ́ sí i, títí kan alága.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Díìnì fúnra ẹ̀ wá sí ọ́fíìsì alákòóso láàbù. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ti ń kó àwọn ìwé ẹ̀ jọ lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà jókòó, ó tú táì ẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí kò sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀.

"Àrùn ọkàn ló pa bàbá mi," ló wí. "Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ó ń dìde lórí àga ni, kò tíì dúró tán. Èmi á pé méjìdínlọ́gọ́ta lọ́dún tó ń bọ̀." Ó wo ilẹ̀. "Mo lọ sáré níta lọ́jọ́ kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi fóònù ya fídíò mi. Wọ́n kọ orin sí i."

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in mọ́. "Ẹ bá ti sọ fún mi, sà."

"Kí n sọ fún alákòóso pé kí ni?"

"Pé ẹ fẹ́ yàrá. Mẹ́tàdínlógójì ló wà lọ́wọ́ mi."

Díìnì fọwọ́ fa bébà tó wà lórí tábìlì sún mọ́ra, kó ṣáà lè ní ohun tó ń wò. Bébà ìṣirò náà ni. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó dúró, ó tún un kà.

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló wà níbí."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í to kọ́kọ́rọ́ ẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni. Ẹ wá fi méje kún un níwájú gbogbo èèyàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọdún mọ́kànlélógún, mi ò fi ohunkóhun kún ìṣirò rí. Èyí nìkan ni."

"Dókítà, ẹ purọ́."

"Ẹ̀yin náà ní ìpàdé lẹ̀ ń ṣe."

Ikùn Díìnì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ojú ẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó ti pè é ní Dókítà, kì í ṣe Madam, àwọn méjèèjì sì gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìsáré lọ sí yàrá kan nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ kọnkéré tó nípọn. Bàbá Sípánà ló tú u, ó sì tò ó padà. Skúrù mẹ́ta ló ṣẹ́ kù, ó ní wọn ò wúlò tẹ́lẹ̀. Láàárín oṣù kan, akọ̀wé ti ń lọ sáré níbẹ̀, ìyá ọ̀jọ̀gbọ́n náà ń lọ rìn. Díìnì sì ti kọ lẹ́tà sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé òun ló dá yàrá ìlera sílẹ̀, nítorí ìfẹ́ tóun ní sí wọn. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ka lẹ́tà náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kejì, níbi tí gbogbo èèyàn á ti ráyè kà á.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ kékeré ránṣẹ́ pè é. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà náà tẹ́jú bí omi inú àwo.

"Ẹ jókòó, mà," ọmọbìnrin náà wí. Ó kúrò lórí àga, ó sì ti pátákó ìdarí ẹ̀rọ sọ́dọ̀ ẹ̀. "Ẹ mú ọ̀kan."

"Èmi kẹ̀? Ọwọ́ mi ti kú."

"Ẹ mú ọ̀kan, mà."

Ó jókòó. Ó kùnà lẹ́ẹ̀mejì, ó bú pùrótéènì náà ní ohùn jẹ́jẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó mú un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ìlà náà ń gòkè, ó ń gòkè, nǹkan kékeré tí ojú ò rí náà sì ń tú ká lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀, ìṣẹ́po kan tẹ̀ lé òmíràn.

Bàbá Sípánà yọ orí wọlé. "Ọ̀gá, omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àjà kẹta ti ń kán sórí ilé ìkó-kẹ́míkà."

"Ẹ fi garawa sábẹ́ ẹ̀," ló wí, kò yí ojú. "Mò ń bọ̀."

"Garawa ti kún o."

"Ẹ fi méjì."